Ebi Àárọ̀, Ìbínú Ọ̀sán: Bí A Ṣe Ń To Oúnjẹ Kí Ọkàn Lè Balẹ̀ ní Èkó

Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Marina ti jí ní aago 4 ìdájí. Kò jẹ nǹkan kan kó tó jáde. Ẹnu ò tíì ṣí. Ó wọ danfo, ó tòògbé títí dé Kétu, ó jí bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland. Nígbà tó máa fi dé ẹnu iṣẹ́, aago 7 ti kọjá. Tíì gbígbóná pẹ̀lú kóró ṣúgà mẹ́rin ló fi síwájú. Oúnjẹ gidi di aago 11. Bó bá jẹ́ pé aago 9 alẹ́ àná ló jẹ ẹ̀bà kẹ́yìn, wákàtí 14 ló fi gbààwẹ̀ láìmọ̀. Tí ọ̀gá bá wá pè é ní aago 10, tí àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó fẹ́ bú sẹ́kún tàbí kó fọ́ nǹkan mọ́lẹ̀, yóò ní wàhálà Èkó ni. Wàhálà Èkó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ebi náà wà níbẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi oúnjẹ tún ọkàn ṣe, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Irú oúnjẹ á tẹ̀lé e. Ìparí ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà níta ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ wá ẹja salmon, ẹ wá èso blueberry, ẹ ra òróró ólífì. Ẹni tí kò jẹun títí di ọ̀sán, kí ló fẹ́ fi blueberry ṣe?

Ọpọlọ kò ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, àmọ́ òun nìkan ló ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Kò sì ní àká tó lè kó oúnjẹ púpọ̀ pamọ́ sí. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, ara á tú èròjà méjì tí wọ́n ń pè ní adrenaline àti cortisol jáde kí ẹ̀dọ̀ lè yọ ṣúgà tó ti kó pamọ́. Àwọn méjì yìí kan náà ló ń jáde nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá. Ìdí nìyẹn tí ebi fi ń jọ àìbalẹ̀ ọkàn: òógùn, àyà lílù, ìwárìrì, ìbínú òjijì. Tíì oníṣúgà lórí inú òfìfo kò tún un ṣe. Á gbé ṣúgà sókè kíákíá, lára àwọn mìíràn á sì já a sílẹ̀ láàárín wákàtí 2 sí 3, tí ara á tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má tíì yí nǹkan kan padà

Ẹ wá ìwé kékeré kan, tàbí kí ẹ lo fóònù. Fún ọjọ́ 7, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin: aago tí ẹ fi nǹkan sẹ́nu, ohun tó jẹ́, bí ọkàn yín ti rí ní wákàtí 2 lẹ́yìn rẹ̀ (ẹ fún un ní máàkì láti 1, tí kò dára rárá, dé 5, tó balẹ̀ dáadáa), àti iye wákàtí tí ẹ fi sùn lóru. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé oúnjẹ orí tábìlì nìkan ni wọ́n ń kọ. Gala tí ẹ rà lójú fèrèsé ọkọ̀ ní Òjòta, ìgò mínírà, àwẹ́ obì, súwíìtì, kéèkì ọjọ́ ìbí tí wọ́n pín ní ọ́fíìsì, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ wá ibi tí máàkì ti já sí 1 tàbí 2, kí ẹ wo aago tó ṣáájú rẹ̀. Bí àlàfo tó wà láàárín oúnjẹ kan sí ìkejì bá ti ju wákàtí 5 lọ níbẹ̀, ẹ ti rí ibi iṣẹ́. Bí àlàfo kò bá sí, tó jẹ́ pé oorun ni kò tó, ọ̀rọ̀ yín wà nísàlẹ̀, níbi tí a ti mẹ́nu kan kaféènì (èròjà inú tíì àti obì tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn) àti oúnjẹ alẹ́.

Oúnjẹ àárọ̀

Ibí ni kí ẹ ti ná agbára yín jù. Kí oúnjẹ wọ inú láàárín wákàtí 2 tí ẹ bá jí, kí purotéènì inú rẹ̀ sì tó gíráàmù 15 sí 20. Purotéènì kì í tètè dà, kì í jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ máa fò sókè-sódò, láti ara rẹ̀ sì ni ọpọlọ ti ń rí ohun tó fi ń ṣe serotonin àti dopamine, àwọn èròjà tó kan bí inú wa ṣe ń dùn tàbí bàjẹ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ní 7, ife ẹ̀wà sísè kan ní nǹkan bí 14, ẹja tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ 20. Ẹyin méjì pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ti tó. Ife ẹ̀wà kan pẹ̀lú ẹyin kan ti tó. Ògì nìkan kò tó, bó ti wù kó kún abọ́, torí sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣúgà tí a sì ń dà lé e lórí ń bà á jẹ́ sí i. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà tì í, ó di oúnjẹ.

Ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì Agége jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ tó dára gan-an tí a ń fi ìwọ̀n bà jẹ́. Odidi búrẹ́dì ni à ń rà, a ó wá fi ṣíbí ẹ̀wà méjì pa á lójú. Ẹ yí i padà: ẹ̀wà kún abọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin búrẹ́dì náà péré, bẹ́ẹ̀ ni ata rẹ̀ kò ní kí ó dín.

Ẹni tó bá fẹ́ sè é nílé, agolo mílíìkì 3 ẹ̀wà gbígbẹ tó ẹnì kan jẹ fún àárọ̀ márùn-ún. Ẹ rẹ ẹ́ sómi láti alẹ́, ó kéré tán wákàtí 8, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ fi omi mìíràn sè é. Dída omi àkọ́kọ́ nù ń dín afẹ́fẹ́ inú kù. Ẹ má fi káún sí i. Lóòótọ́ káún ń jẹ́ kó tètè rọ̀, gáàsì sì ti wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì B1 jẹ́, iṣan ara àti ọpọlọ kò sì lè ṣe láìsí i. Rírẹ tó pẹ́ àti pressure pot ń ṣe iṣẹ́ káún láìba nǹkan jẹ́. Bó bá tutù, ẹ pín in sí abọ́ márùn-ún, kí ẹ kó o sínú fíríísà. Níbi tí iná kì í ti dúró, ẹ má sè ju ti ọjọ́ méjì lọ, kí ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ títí á fi hó.

Bí ẹnu kò bá ṣí ní aago 4, a kò ní kí ẹ fipá jẹ ẹ́. Ẹ di ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan, ẹyin sísè méjì tí a kò bó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì sínú báàgì, kí ẹ jẹ wọ́n nínú ọkọ̀. Ẹyin náà kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ nínú ooru. Ẹ̀pà tó bá ti bu, tó korò lẹ́nu, ẹ tu ú dànù.

Omi tí a ń sá fún

Ọ̀pọ̀ èèyàn, pàápàá àwọn obìnrin, kì í mu omi láàárọ̀ torí pé kò síbi tí wọ́n máa yà sí lójú gósìló. Ọgbọ́n ni, àmọ́ ó ní iye tó ń ná wa. Bí omi ara bá dín kù ní ìwọ̀n ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara, orí lè bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, àfiyèsí á dín kù, inú á máa bí èèyàn láìnídìí. Ẹ mu píọ́ wọ́tà kan, tí í ṣe sẹ̀ǹtílítà 50, ní kété tí ẹ bá jí, kí ẹ tó lọ wẹ̀. Bí wákàtí kan bá wà láàárín ìgbà náà àti ìgbà tí ẹ máa jáde, apá kan nínú rẹ̀ á ti jáde kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Lójú ọ̀nà, ẹ máa tọ́ ọ wò lásán. Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́, ẹ mu òmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan tíì.

Ẹja, àti ohun tí fíríísà lè sọ ọ́ dà

Ọ̀rá omega-3 tí ọpọlọ fẹ́ràn wà nínú ẹja olómi tútù tó lọ́ràá: títọ́ọ̀sì, ṣáwá, kótè, àti sàdíìnì inú agolo. Pánla kò ní i tó bẹ́ẹ̀, torí ẹja tí kò lọ́ràá ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹyọ kan tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti tó. Ṣáwá ni kí ẹni tí owó kò tíì tó máa wò lọ́wọ́ alátẹ ẹja, kì í ṣe ẹja kékeré rárá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sè é nínú ọbẹ̀ tàbí kí ẹ yan án. Dídín jin nínú òróró gbígbóná ń fi òróró rọ́pò díẹ̀ nínú ọ̀rá rere rẹ̀.

Ewu kan wà tí àwọn tó ń ní àyà jíjá gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí títọ́ọ̀sì bá yọ́ nítorí àìsí iná, tí wọ́n tún dì í padà, kòkòrò lè ti sọ apá kan nínú ẹran rẹ̀ di histamine, èròjà tó ń da ara láàmú bí ó bá pọ̀. Sísè kì í pa á, dídín kì í pa á. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan tí èèyàn bá jẹ ẹ́, ojú á gbóná, àyà á máa lù, orí á máa fọ́, ara lè máa yún. Àwọn mìíràn á rò pé ẹ̀rù ló tún dé, àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Lọ́jà, yálà Ọ̀yìngbò ni o, Mushin ni o, ẹ ra èyí tó ṣì dì gbagidi láti inú kóòdù-rúùmù, kì í ṣe èyí tó ti rọ̀ lórí àtẹ láti àárọ̀. Kí ojú rẹ̀ mọ́, kí ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí pupa, bó bá sì yọ́ tán nílé, kí ẹran rẹ̀ padà sípò bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ń ta ẹnu bí ata nígbà tí kò sí ata nínú ọbẹ̀, ẹ dá a dúró.

Ẹ̀fọ́ tí a fọ̀ dànù

Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ugu àti ewédú ní folate, ọ̀kan nínú àwọn fítámì B tó kan ọkàn gbọ̀ngbọ̀n; ẹni tí tirẹ̀ lọ sílẹ̀ lè rẹ̀ jù, kí ọkàn rẹ̀ sì wúwo. Èyí tó bani nínú jẹ́ ni bí a ṣe ń sè wọ́n. À ń gé e wẹ́wẹ́, à ń bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, à ń fún un gbẹ, a sì ń da omi aláwọ̀ ewé yẹn sínú gọ́tà. Folate àti fítámì C ti bá omi lọ. Ẹ fọ ewé náà kí ẹ tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ata àti ẹja jinná tán, kí omi ọbẹ̀ gbẹ dáadáa, kí ẹ wá da ẹ̀fọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 tó gbẹ̀yìn. Gbúre, tí omi rẹ̀ pọ̀, á máa sọ ọbẹ̀ di ṣàlà bí ẹ kò bá fún un. Ẹ pò ó mọ́ ṣọkọ tàbí ugu, kí gbúre kéré.

Èròjà irin wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, àmọ́ ara kì í tètè gbà á bíi ti ẹran àti ẹ̀dọ̀. Ata tútù, tòmátì tàbí ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ ń ràn án lọ́wọ́ láti wọlé. Tíì ewé ń dí i lọ́nà. Ẹ fi wákàtí kan sáàárín oúnjẹ àti tíì. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀, tó ń rẹ̀, tí kò lè pọkàn pọ̀, kó má kàn máa mu oògùn ẹ̀jẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Kó ní kí wọ́n yẹ PCV (bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó) wò, kí wọ́n sì yẹ ferritin (irin tí ara kó pamọ́) pẹ̀lú, torí PCV lè dára nígbà tí irin tó wà nípamọ́ ti fẹ́ tán. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS kò gbọdọ̀ mu oògùn irin láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́.

Fítámì B12 kò sí nínú ẹ̀fọ́. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló wà. Ẹni tí kì í jẹ ìwọ̀nyí rárá, àgbàlagbà, àti ẹni tó ti ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ṣaláìní in, ó sì lè jáde bí ìgbàgbé, ìrẹ̀wẹ̀sì, tàbí ẹsẹ̀ tó ń ta ṣínṣín. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi hàn.

Gààrí mímu gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ọ̀sán kò burú bí ẹ̀pà àti ẹja bá tẹ̀ lé e. Gààrí ṣúgà nìkan ló burú. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti Ìbàdàn ṣèwádìí àrùn iṣan kan ní Ẹ̀pẹ́, tó ń mú kí ẹsẹ̀ máa ta gìrọ́gìrọ́, tó sì ń ba ojú àti etí jẹ́. Ẹ̀gẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oúnjẹ wọn nìkan, tí purotéènì kò sì tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ ọkàn kọ́ nìyẹn, ìbátan rẹ̀ ni.

Ìfun, ní kúkúrú

Ẹ ó ti gbọ́ pé nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún serotonin ara ló wà nínú ìfun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tó wà níbẹ̀ kì í kọjá sínú ọpọlọ, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ta oògùn fún yín. Ohun tó dájú ni pé àwọn kòkòrò rere inú ìfun ń jẹ èèpo ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso tí àwa kò lè dà, ìfun àti ọpọlọ sì ń ránṣẹ́ síra wọn. Ẹ̀wà ń kun inú ẹni tí kò mọ́ lára. Ẹ fi ààbọ̀ ife bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì dé ife kan. Yógọ́ọ̀tì dára bí kò bá ní ṣúgà. Ògì wú lóòótọ́, àmọ́ iná ti pa kòkòrò rere inú rẹ̀ nígbà tó dé abọ́.

Ohun mímu

Ẹ yí ìgò mínírà padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ṣúgà gíráàmù 10 sí mílílítà 100, ìgò sẹ̀ǹtílítà 50 ní gíráàmù 50 nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà àfikún má ju nǹkan bí 50 lọ lóòjọ́ fún àgbàlagbà, ó tilẹ̀ sàn kó má ju 25. Ìgò kan ti gba gbogbo rẹ̀ tán.

Kaféènì ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú jù láìfura. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 400 lọ lóòjọ́, ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já kò tilẹ̀ gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ohun mímu amárale tí wọ́n kọ mílígíráàmù 32 sí mílílítà 100 lára rẹ̀ ní 160 nínú sẹ̀ǹtílítà 50. Ẹ fi obì kún un, torí kaféènì wà nínú obì, ẹ fi tíì kún un, kí ẹ wá wo iye rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 5, ààbọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ẹ mu ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ kí ẹ lè fara da ọ̀nà, ààbọ̀ rẹ̀ ló ń bá yín jà lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago 9. Aago 12 ọ̀sán ni kí ó jẹ́ òpin. Ẹ má já a lójijì. Orí fífọ́ á pa yín lára fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọtí ń tètè gbé èèyàn sùn, á sì jí i ní aago 2 òru. Páráagà àti àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, ọtí ni wọ́n. Ẹni tó ń lo oògùn oorun bíi diazepam tó wá mu wọ́n lè máà lè mí mọ́ lójú oorun.

Alẹ́

Ẹ̀bà ní aago 10 alẹ́, oorun ní 10 ààbọ̀: ata á máa gòkè sí ọ̀fun, oorun á máa já. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní aago 5 ààbọ̀ sí 6, kí ẹ tó lọ tò ní Ọbáléńdé, ẹ yà sí búkà. Ẹ má sọ pé “ìrẹsì mẹ́ta, ẹ̀wà kan.” Ẹ ní kí wọ́n bu ẹ̀wà méjì, ìrẹsì kan, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí wọ́n fi ẹja kan lé e. Bí ẹ bá délé, mọ́ínmọ́ín kan àti ẹ̀kọ kan ti tó, kí ẹ sì jẹ́ kó pé wákàtí 2 kí ẹ tó dùbúlẹ̀.

Àwọn tó ń lo oògùn, àti ìgbà tí oúnjẹ kò ní tó

Ní Ọsirélíà, olùwádìí Felice Jacka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2017 lórí ènìyàn 67 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Fún ọ̀sẹ̀ 12, apá kan tún oúnjẹ wọn ṣe sí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, èso àti ẹ̀pà, apá kejì ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olóúnjẹ ni àrùn náà lọ lára wọn, ìdá 8 ní apá kejì. Ìwádìí kékeré ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́. Oúnjẹ wá kún ìtọ́jú ni, kò gba ipò rẹ̀. Ẹ sì tún ka ọ̀sẹ̀ 12 yẹn dáadáa: ẹni tó bá jẹ ṣáwá lẹ́ẹ̀mejì tó ní òun ò rí nǹkan kan kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń lo lithium, oògùn tí dókítà ọpọlọ ń kọ, kò gbọdọ̀ já iyọ̀ sílẹ̀ lójijì, kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ láìmu omi láìtíì bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, yálà ti Ramadan ni tàbí ti ìjọ. Bí omi tàbí iyọ̀ bá dín kù lára, oògùn náà á gorí ara wọn nínú ẹ̀jẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru dé, tí ẹsẹ̀ ń ta gìrọ́gìrọ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Olanzapine, oògùn ọpọlọ mìíràn, ń mú kí oúnjẹ máa wu èèyàn jẹ jù. Ẹ fi omi rọ́pò mínírà, ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún inú, ẹ má dá oògùn dúró.

Bí ọkàn bá wúwo lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, tí oorun tàbí oúnjẹ ti kọ̀ yín, ẹ lọ rí dókítà. Bí èrò ikú bá wọlé, tàbí tí ẹ ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹnìkan tẹ̀ lé yín lọ lónìí. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ti wà láti 1907, wọ́n ń gba ẹni tó bá wá nínú pàjáwìrì. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà náà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ. Ẹ mú ìwé ọjọ́ méje yẹn dání, pẹ̀lú gbogbo oògùn, àgbo àti fítámì tí ẹ ń lò, nínú páálí tàbí ìgò wọn gan-an, kí dókítà lè fi ojú ara rẹ̀ ka orúkọ wọn.